Agbádá Pọ́ùn Kan

Ìlara ló sọ mí di oníìkànnì. Ó sàn kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Turffontein, ní gúúsù Johannesburg, níbi tí ará Kóńgò kan ti ń gẹrun lápá ọ̀tún mi, tí ọmọ Mòsáńbíìkì kan sì ń lẹ táyà lápá òsì. Agbádá ni ọwọ́ mi mọ́ jù, àti bùbá àti ṣòkòtò, títí kan dàńṣíkí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ máa ń sáré wá rán tí Heritage Day bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyẹn 24 September, ọjọ́ tí àwọn ará South Africa máa ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ jáde.

Jẹ́jẹ́ mi ni mo jókòó tí téílọ̀ kan tó ń gbé Rosettenville fi fún mi ní káàdì. Ọ̀dọ̀ mi lọ́mọ yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn agbádá o. Orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ìkànnì sì wà nísàlẹ̀, lẹ́tà wúrà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ yà síbẹ̀ wò ó." Mo rẹ́rìn-ín, mo kí i kú oríire. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Ó ní, "Àǹkú, kò le rárá. Ojúewé kan ṣoṣo tó fún yín. Ta ni yín, kí lẹ̀ ń rán, èló ni, ibo lẹ wà, ìgbà wo lẹ máa ń ṣí. Ká wá fi fọ́tò bíi mẹ́fà sí i, ó tán." Mo wò ó látòkè délẹ̀. Ojúewé kan? Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi àná ní ojúewé márùn-ún, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi? Mo ní kí ọmọ náà lọ máa kàwé rẹ̀, mo ní èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Ẹni tó ń gé sányán láìfi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, kí ló tún kù láyé tí kò lè gé?

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ní ìkànnì, ohun méjì ló máa sanwó fún: orúkọ, tí yóò máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún, àti àyè lórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan tí kì í sùn, níbi tí àwọn fáìlì rẹ̀ yóò máa gbé. Mo kà níbì kan pé orúkọ náà kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 63 lọ ṣáájú àmì tó wà níwájú com. Ẹlòmíràn á ka ìyẹn sí ààlà, èmi kà á sí ìpèníjà. Mo kó orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, iṣẹ́ mi àti ìlú mi pọ̀, mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ra láìfi àlàfo sí i, mo wá fi com dé e nídìí. Wọ́n fi co.za lọ̀ mí, mo kọ̀ ọ́. Lójú mi nígbà náà, ará àdúgbò ló ń lo co.za, èmi sì ń wá gbogbo ayé.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, orúkọ náà ò gba orí káàdì. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é bá gé e sí ìlà méjì, ó fi àmì ìdè kékeré kan sí ìparí ìlà àkọ́kọ́, bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìwé ìròyìn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó wù mí, mo ní kó tẹ ìdì ńlá fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó gba káàdì mi ṣe ń tẹ àmì ìdè náà mọ́ orúkọ, tí wọ́n sì ń já sí ibi tí kò séèyàn. Oníbàárà mi kan ní, "Bàbá Téílọ̀, mo wá yín délé, wọ́n ní ẹ ò gbé ibẹ̀." Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ni ò dáa.

Ẹ wò ó, gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù. Ọmọ Rosettenville yẹn ni mò ń kọ́ ilé fún. Mi ò ro ẹni tó ní yáàdì mẹ́wàá lọ́wọ́ tó ń wá ibi tí yóò gbé e lọ.

Ìkànnì tó kọ́kọ́ wà láyé, èyí tí Tim Berners-Lee gbé jáde ní ilé ìwádìí CERN lórílẹ̀-èdè Switzerland ní 1991, ọ̀rọ̀ lásán ni, pẹ̀lú líǹkì. Kò láwòrán, kò ní àràbarà. CERN dá a padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́ ní 2013, ó sì ń ṣí lórí fóònù tó wù kéèyàn ní. Èmi ẹ̀wẹ̀, àwọ̀ méje ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ojúewé náà pupa bí àlàárì, lẹ́tà orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ó tún tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kà á tán tó gbójú sókè, yẹ́lò ni yóò máa rí lára ògiri.

Lójúewé "Nípa Mi", mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi n'Ìbàdàn. Mo dárúkọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi. Mo sọ bí ọ̀gá mi ṣe fi ìwọ̀n onírin lù mí lórí ìka. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ara mi tán tí àyè ṣì kù, mo bọ́ sórí ìtàn Turffontein: pápá eré ẹṣin tó wà níbí láti 1887, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n dá Johannesburg sílẹ̀ nítorí góòlù. Mo tún kọ ọ́ pé nígbà ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer, láàrin 1899 sí 1902, wọ́n fi pápá náà ṣe àgọ́ ìkónimọ́lé fún àwọn obìnrin Boer àtàwọn ọmọ wọn. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n, àmọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó bá ìwọ̀n ìdí ṣòkòtò gbé ojúewé kan náà. Iye owó agbádá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ogun.

Ojúewé náà ṣì dákẹ́ jù lójú mi. Mo lọ gba ohùn gángan sínú fóònù lọ́wọ́ onílù kan níbi ìsọmọlórúkọ ní Kenilworth. Èrò mi ni pé bí èèyàn bá ti wọlé báyìí, kí ìlù kí i. Àṣé láti 2018 ni Chrome kì í ti í jẹ́ kí ohùn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì, àfi bí ẹni tó ń wò ó bá fọwọ́ kan nǹkan. Ọlọ́gbọ́n ìbá gbọ́ pé, "Má ṣe é." Èmi wá ọgbọ́n kan ta sí i. Mo ṣètò rẹ̀ pé ibikíbi tí èèyàn bá fọwọ́ kàn, ìlù á bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa fẹ́ rán aṣọ ẹbí. Ó ronú pé òun á yọ́ iye owó wò nígbà ìwàásù, ó gbé fóònù sórí itan. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ìjọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa ni màmá fọwọ́ kan "Iye Owó". Gángan sọ̀rọ̀. Màmá sáré tẹ ibòmíràn kó lè pa á, ìlù tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ó tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì, gbogbo ibi tó tẹ̀ ló ń dún. Nígbà tó sú u, ó ju fóònù sínú báàgì, ó jókòó lé báàgì náà, gángan ṣì ń ké lábẹ́ rẹ̀ bí Pásítọ̀ ti ń wò ó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó pè mí. Ó ní, "Téílọ̀, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Rosettenville ni aṣọ ẹbí náà gbà lọ.

Fọ́tò náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí mo ṣe yà wọ́n lórí fóònù ni mo ṣe gbé wọn síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi megabyte márùn-ún, ogún fọ́tò sì wà lójúewé kan ṣoṣo. Ọgọ́rùn-ún megabyte nìyẹn kéèyàn tó rí èyí tó wù ú. Lórílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn ti pariwo #DataMustFall ní 2016, pé kí owó dátà wálẹ̀, tí Competition Commission, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà, fúnra rẹ̀ sì sọ ní December 2019 pé owó dátà ti wọ́n jù, tó tún burú jù fún tálákà tó ń rà á díẹ̀díẹ̀! Ọmọbìnrin kan láti Soweto kọ̀wé sí mi pé dátà tí òun rà fún ọ̀sẹ̀ kan tán lórí agbádá kẹjọ, pé òun ò tíì rí ojú ẹni tó wọ̀ ọ́, nítorí láti ìsàlẹ̀ ni fọ́tò náà ti kọ́kọ́ ń hàn. Mi ò mọ bó ṣe jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀, mi ò sì bi í. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí pé bí mo bá dín ìbú fọ́tò kù sí píksẹ́ẹ̀lì 1,200 tí mo sì fún un pọ̀ dáadáa, kò ní ju kilobyte 200 lọ, ojú ò sì ní mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù. Mo ní kò burú, màá ṣe é. Mi ò ṣe é.

Ó wá ku ti London.

Àǹtí mi kan ń gbé Peckham. Kì í pè mí, àfi bí ẹnì kan bá kú tàbí bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó pè lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ga.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti wá lówó tó bẹ́ẹ̀?"

"Àǹtí, ẹ kú alẹ́ mà. Owó báwo?"

"O ń ta aṣọ ní pọ́ùn kan kọ̀ọ̀kan, o ò sọ fún mi. Ẹlòmíràn ló fi hàn mí."

"Pọ́ùn kan kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ náà lo kọ ọ́ síbẹ̀! Ó wà lára orúkọ ọjà rẹ lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó wà lára gbogbo fọ́tò. Àwọn lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí kò yé mi, mo ní bóyá èdè àwọn ará South Africa ni. Ṣùgbọ́n pọ́ùn kan hàn gedegbe. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ wa. Àwọn mẹ́rìndínlógún ló ti sọ pé wọ́n fẹ́."

Mo ní kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó wọlé, mo jókòó. Gbogbo ibi tí mo ti kọ ṣ ló ti di á¹£. "Aṣọ" ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. "Iṣẹ́" ò ṣeé wò. Iye owó tí mo kọ ní ráńdì wà níbẹ̀ o, àmọ́ ta ni yóò wo ráńdì nígbà tí ọ̀kan kékeré àti àmì owó ọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó sára gbogbo aṣọ lójúewé? Ẹ sì mọ iye ṣ tó wà nínú ọ̀rọ̀ téílọ̀ tó jẹ́ Yorùbá.

Ohun tó fà á rèé bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní UTF-8, èyí tó gba èdè gbogbo ayé láyè, nọ́ńbà kan péré ló tó fún a tàbí b, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ṣ tiwa ń gbà. Ẹ̀rọ tó bá mọ̀ pé UTF-8 lòun ń kà á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á rí ṣ. Èyí tí wọ́n bá sọ fún pé àtẹ lẹ́tà àtijọ́ ti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni kó lò, á ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ti àkọ́kọ́ di á, ti ìkejì di ¹, ti ìkẹta sì di £. Kọ̀ǹpútà tí mo háyà ló ń kéde àtẹ àtijọ́ náà fún aráyé, èmi náà ò sì kọ ìlà kékeré tó yẹ kó wà lórí ojúewé, charset="utf-8". Kí orí ojúewé àti ìkéde kọ̀ǹpútà fohùn ṣọ̀kan, ohun tó gbà náà nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún un ṣe kí omi tíì tó hó.

Ó wá bi mí pé, "Àmọ́ Àǹkú, báwo lẹ ò ṣe rí i láti ọjọ́ yìí?"

Ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù. Inú àpò fáìlì tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi ni mo ti máa ń ṣí ojúewé náà wò. Láptọ́ọ̀pù náà gbọ́n, ó ń bá mi mọ ohun tí mo fẹ́ kọ, gbogbo ṣ ń hàn bó ṣe yẹ. Mi ò tíì fi fóònù lọ sórí ìkànnì ara mi rí. Mo pe gbogbo ayé wá sílé, èmi onílé ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Àǹtí ò gbà. Ó ní ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó fi owó ẹyọ pọ́ùn kan rán ẹni tó ń bọ̀ wá sí Johannesburg, ó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ sí i. Mo rán bùbá àti ìró. Èmi náà ni mo sanwó tí wọ́n fi gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá lórí Kérésìmesì. Mo kọ ẹ̀dínwó ọdún sókè gàgàrà, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá kan gbé àwòrán rẹ̀ wá fún mi nígbà Ìléyá. Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀, mo yọ owó náà.

Máàpù ńkọ́? Àtàǹpàkò mi tóbi. Nígbà tí mo ń fi àmì sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, àárín pápá eré ẹṣin ni àmì náà balẹ̀ sí, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ẹbí ọkọ ìyàwó kan wá láti Pretoria láti wá wọ aṣọ wọn wò, ọjọ́ tí wọ́n sì wá, eré ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá Téílọ̀, a ti ń rí ẹṣin o." Mo rò pé òwe ni wọ́n ń pa, ẹṣin ọ̀rọ̀ ṣáà ni òwe. Mo ní, "Àwọn àgbà, ẹ gùn ún máa bọ̀." Ó ní, "Rárá o, sékúríìtì ò jẹ́ ká wọlé." Mo ní kí wọ́n má dá a lóhùn, pé ará Kóńgò tó ń gẹrun ni, ó fẹ́ràn eré. Ó pẹ́ díẹ̀ ká tó gbọ́ ara wa yé. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, bàtà wọn kún fún eruku. Bàbá ọkọ ìyàwó nìkan ni inú rẹ̀ dùn: ó ti rí ẹni tó bá a ta tẹ́tẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, n kò tíì sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ilé iṣẹ́ tí mo háyà àyè lọ́dọ̀ wọn kọ̀wé pé àyè mi ti ń kún. Fọ́tò yẹn ni, ṣùgbọ́n mi ò rò ó dé ibẹ̀. Mo wọlé láti palẹ̀ mọ́. Mo rí àpò kan tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ, public_html ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ní, public? Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, kí ló ń wá nínú yàrá tí èmi nìkan ń sanwó rẹ̀? Mo tẹ bọ́tìnì ìparẹ́. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Inú bí mi pé ẹ̀rọ ń bi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Inú àpò yẹn ni ìkànnì ń gbé. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kó mọ àpò yẹn bó ṣe mọ ojú ìyá rẹ̀.

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Níbo, Àǹkú?" Mo ní inú public_html.

Kò bú mi. Ó kàn dorí kodò fún ìgbà díẹ̀, ó wá ṣí Wayback Machine, èyí tí Internet Archive ní San Francisco ṣí fún gbogbo èèyàn ní 2001. Iṣẹ́ wọn ni láti máa kiri orí ìkànnì ayé, kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà wọn pamọ́. Wọ́n ti yà sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà wo? Ìgbà tí aṣọ jẹ́ pọ́ùn kan ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ló padà wá tòun ti á¹£ lára. Èmi ni mo jókòó tún lẹ́tà náà tẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ìyà tó tọ́ sí mi ni. Ọdún 2023 nìyẹn, nígbà tí load shedding, ìyẹn iná mànàmáná tí wọ́n ń mú lọ ní wákàtí-wákàtí, le jù lọ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, tí a máa ń wo EskomSePush, áàpù tó ń sọ ìgbà tí iná máa lọ, kí a tó gbé áyọ́ọ̀nù lé iná. Orí íntánẹ́ẹ̀tì tààrà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, àpótí Wi-Fi ò ní. Mo tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì ìpamọ́, ó ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo tẹ ìpadàsẹ́yìn, ojúewé funfun ni mo bá. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó kọ́ láti máa kọ ọ́ sínú fáìlì tèmi ná.

Ó yẹ kí ó tán síbẹ̀, àmọ́ orúkọ tí mo sọ lókè ò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ṣí ímeèlì tuntun kan nítorí orúkọ náà nìkan, kí ó lè rí bíi ti ilé iṣẹ́ ńlá. Mo kọ pásíwọ̀dù rẹ̀ sẹ́yìn pépà tí mo fi ń gé ṣòkòtò. Ọmọ iṣẹ́ mi gé pépà náà sí ìwọ̀n ọmọdé. Òfin ICANN, àjọ tó ń mójú tó orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí ẹni tó bá ta orúkọ fúnni kọ̀wé ìrántí bí oṣù kan kó tó parí, kó tún kọ ọ́ bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó parí, kó sì tún kọ ọ́ láàrin ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó bá parí. Ó dá mi lójú pé wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti di ìdajì ìdí ṣòkòtò. Ọgbọ̀n ọjọ́ tún wà fún com tí èèyàn fi lè ra orúkọ rẹ̀ padà lówó gọbọi, àti ọjọ́ márùn-ún mìíràn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ pátápátá. Gbogbo rẹ̀ kọjá nígbà tí mò ń rán aṣọ.

Ẹlòmíràn rà á. Iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló fi ń ṣe.

Alàgbà kan nínú ìjọ wa ló kọ́kọ́ ṣí i. Ó pè mí sẹ́yìn ilé ìjọsìn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Arákùnrin, ìṣòro wo ló dé?" Mo búra fún un pé kì í ṣe èmi. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ pápá ẹṣin ni mò ń gbé? Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bá mi jà. Wọ́n ń pè mí ní àṣírí láti béèrè ẹṣin tó máa gba ipò kìíní. Mo sọ nọ́ńbà kan fún ẹnì kan kó lè fi mí sílẹ̀, ẹṣin náà sì wọlé. Ẹ fojú inú wo bí fóònù mi ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn.

Èyí tí mo ní báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Orúkọ kúkúrú ni, co.za ló wà nídìí rẹ̀, owó rẹ̀ ń kúrò nínú àkáǹtì fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyàwó mi sì ní pásíwọ̀dù lọ́wọ́. Ojúewé kan ni. Ilẹ̀ rẹ̀ funfun, lẹ́tà rẹ̀ dúdú. Fọ́tò mẹ́fà tó wà níbẹ̀, gbogbo wọn pọ̀ ò tó megabyte méjì. Nọ́ńbà WhatsApp mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +27, kí ẹni tó wà ní Peckham náà lè tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń gbàdúrà kó má tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà kan wà lórí fọ́láàṣì nínú dúróà abẹ́rẹ́, òmíràn wà lọ́dọ̀ ọmọ náà. Bí oṣù bá ti wọlé, mo máa ń tọrọ fóònù lọ́wọ́ ará Kóńgò agẹrun, mo fi ń yà sọ́dọ̀ ara mi bí àlejò. Mo tẹ gbogbo líǹkì. Kò sí ìlù.

Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ tán, mo rántí káàdì oníwúrà yẹn. Ó ṣì wà lẹ́yìn máṣíìnì. Láti ìgbà tí mo ti ń bá ọmọ yẹn du ipò, mi ò lọ wo ìkànnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ àdírẹ́sì náà. Ojúewé márùn-ún ló ní lóòótọ́. Wọ́n kọ "Ẹ máa retí wa" sí mẹ́rin nínú wọn, ẹ̀karùn-ún jẹ́ fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti wọ agbádá. Èmi ni mo rán agbádá náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Soweto kan kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Zulu ni, ó fẹ́ fẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ó sì fẹ́ wọ agbádá lọ́jọ́ náà. Kò béèrè iye owó, ó ti rí i. Kò béèrè ibi tí mo wà. Kò béèrè ìgbà tí mo ń ṣí. Ó kàn ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ọkùnrin máa wá wọn aṣọ lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ mẹ́ta. Mo fi ayọ̀ dá a lóhùn pé kó máa bọ̀. Àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo kàlẹ́ńdà tó sọ pé, "Àǹkú, Sátidé yẹn kọ́ ni Summer Cup?"

Ọjọ́ Summer Cup, eré ẹṣin ńlá yẹn, kẹ̀kẹ́ pàápàá ò ráyè kọjá ní Turffontein. A ò kọ ìyẹn sórí ìkànnì.